Ṣé Olú Lè Fọ Omi Aró Mọ́?

Ìbéèrè: Ìyá aláró ni mí ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Omi aró tí a ń dà sí gọ́tà ń ṣàn lọ sódò. Wọ́n ní olú lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo olú. Èyí tó ń hù lára igi jíjẹrà ló lè ṣe é, bíi Pleurotus ostreatus tí àwọn kan ń gbìn fún ọbẹ̀. Lignin tó mú igi le kò ṣeé jẹ bọ̀rọ̀, nítorí náà olú ń tu ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń já nǹkan sí wẹ́wẹ́, sí i. Ọ̀kan lára wọn ni laccase, tí Hikorokuro Yoshida ará Japan kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1883. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni laccase fi ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣa ohun tó ń já: bó ṣe ń já lignin ló ń já ọ̀pọ̀ aró òyìnbó. Aró búlúù lè kọ́kọ́ di àwọ̀ ìyeyè, kó tó ṣá.

Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì (caustic soda) tí ẹ ń pò mọ́ aró, tó wà nínú omi yín, ni ìṣòro ńlá. Omi tó ní ekan díẹ̀ ni olú fẹ́. Kọ́sítíìkì á pa á. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dín agbára rẹ̀ kù. Pé àwọ̀ ti lọ kò sì túmọ̀ sí pé oró ti tán. Àyẹ̀wò ló lè sọ. Ẹ̀yin aláró, ẹ para pọ̀, kí ẹ lọ bá àwọn onímọ̀ ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta.

Olú tó bá ti mu omi aró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á.