Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí: Ọmọ tí Eré Ìkẹyìn Bọ́ Mọ́ Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ eré ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Eré kẹ̀! Kí ni ó wà nínú eré tí àgbà yóò fi máa kọ ìwé lé e lórí?” Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó mú kí a kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn, èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní lycée, ọdún 4 ni ọmọ sábà máa ń lò. Eré ìdárayá sì jẹ́ ohun ńlá níbẹ̀. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2018 sí 2019, orúkọ tí a kọ sílẹ̀ fún eré ilé-ẹ̀kọ́ sún mọ́ mílíọ̀nù 8, bí a bá ka ọmọ tí ń ṣe eré méjì lẹ́ẹ̀mejì. Eré kọ̀ọ̀kan ní sáà tirẹ̀ nínú ọdún. Básíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ìgbà òtútù. Bí òtútù bá ń lọ, ó di sáà bésíbọ́ọ̀lù àti eré sísá.

Ọmọ a wọ ẹgbẹ́ ní ọdún kìíní, orí bẹ́ǹṣì ni yóò máa jókòó sí. Yóò gbé omi, yóò kó bọ́ọ̀lù jọ, yóò dúró lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí kò bá yege nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ó ṣeré (èyí wù mí púpọ̀, ì bá dára kí a ṣe é níhìn-ín). Àwọn ẹ̀gbọ́n tí ń parí ni wọ́n wà níwájú, ó sì ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe eré ìkẹyìn ní pápá ilé wọn, a óò pe orúkọ ẹni tí ń parí, òun àti àwọn òbí rẹ̀ yóò jọ rìn wọ pápá, àwọn ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́. Ìyá a máa gba òdòdó. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ fi ń wo èyí, tí ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Ọdún tèmi ń bọ̀.”

Ní oṣù kẹta 2020 ni àrùn kòrónà dé bá wọn. Sáà bésíbọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ẹlòmíràn kò tíì ṣe eré kan ṣoṣo. A ti ilé-ẹ̀kọ́, a fagi lé sáà náà ní ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Básíkẹ́ẹ̀tì tí ó ti ń sún mọ́ àṣekágbá, a gé e láàárín ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ní 30 oṣù kẹta, NCAA, àjọ tí ń bójú tó eré ní yunifásítì, fún àwọn ọmọ yunifásítì tí sáà wọn bàjẹ́ ní ọdún kan sí i. Ọmọ girama kò rí irú rẹ̀ gbà. Ó parí ìwé, ó di dandan kí ó lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ń fi bésíbọ́ọ̀lù jẹun pàápàá, tí wọ́n máa ń yan ọmọ ní ìpele 40 tẹ́lẹ̀, ìpele 5 péré ni wọ́n yàn ní ọdún yẹn.

Nínú 100 ọmọ tí ń ṣeré ní girama, kò pé 10 tí yóò ṣe é ní yunifásítì. Àwọn yòókù ti ṣe eré ìkẹyìn wọn ná, wọn kò sì mọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn ń kú nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó fi bọ́ọ̀lù wé ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Àjíǹde ọdún 2020, tí a kò lè péjọ. Ṣebí ó dùn wá? Bẹ́ẹ̀ ni Àjíǹde padà dé ní ọdún kejì. Ọdún ìkẹyìn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ kì í padà wá.

Nítorí náà, kí bàbá má ṣe wí fún un pé, “Ṣebí eré lásán ni.” Kí ìyá má ṣe sáré sọ pé òmíràn ń bọ̀, nítorí ọmọ mọ̀ pé kò sí. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́. Ẹ bi í léèrè ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré, àti eré tí ó dùn mọ́ ọn jù. Ẹ jẹ́ kí aṣọ ẹgbẹ́ náà wà níbi tí ó fi í kọ́ sí.

Àwọn àgbà kan gbìyànjú. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, wọ́n tan iná pápá ní aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 20 lálẹ́, èyí tí í ṣe 20:20, nítorí àwọn tí ń parí ní 2020. Pápá ṣófo, iná ń tàn, àwọn ọmọ ń wò ó láti inú ọkọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Iowa ní tiwọn, ìgbà ooru ni girama máa ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, nítorí náà wọ́n rí àyè bẹ̀rẹ̀ ìdíje ní 15 oṣù kẹfà. Sáà náà kúrú, a ní kí àwọn òbí jókòó jìnnà síra wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń parí níbẹ̀ mọ̀, bí ó ti ń wọ pápá, pé ó ṣeé ṣe kí eyí jẹ́ ìkẹyìn.