Ẹ Ṣọ́ Abẹ́rẹ́ Ológbò Yín

Bí ológbò yín bá ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí iyanrìn tó ń tọ̀ sí ń rin gbingbin láràárọ̀, tó ń jẹun bí ẹni tí kò jẹun lánàá, síbẹ̀ tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ, ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́sẹ̀ yìí. Àtọ̀gbẹ ń ṣe ológbò bó ṣe ń ṣe ènìyàn, àgàgà akọ tó ti dàgbà, tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tó sanra, tó ń fi gbogbo ọjọ́ sùn lórí àga. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìtọ́jú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lè rọ débi tí yóò máa fi gìgísẹ̀ rìn.

Ìtọ́jú rẹ̀ ṣe é ṣe nílé. Ínsúlìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, lábẹ́ awọ, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, wákàtí 12 síra wọn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ológbò mìíràn kì í gbé ẹnu kúrò nínú abọ́ oúnjẹ tí ẹ fi ń gún un tán. Ṣùgbọ́n ínsúlìn yìí gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ṣúgà tó ga díẹ̀ lálẹ́ òní kì í sábà pa ológbò kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tó lọ sílẹ̀ jù nítorí pé ínsúlìn pọ̀ jù lè pa á kí ẹ tó rí ọkọ̀ wọ̀.

Ibi kan tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni sírínjì. Ínsúlìn tí wọ́n ṣe fún ẹranko sábà máa ń jẹ́ U-40. Èyí tí àwọn ènìyàn ń lò, U-100 ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní sírínjì tirẹ̀. Bí ẹ bá fi sírínjì U-40 fa ínsúlìn U-100 dé ibi tí wọ́n kọ 2 sí, yúnìtì 5 lẹ fà yẹn, sára ẹran tó lè má wúwo ju kílò 5 lọ. Bí ẹni tó ń ta oògùn bá ní kò sí irú èyí tí ẹ fẹ́, kí ẹ mú òmíràn, kò sí ìyàtọ̀, ẹ dá owó yín padà sápò. Ẹnì kan ni kó máa gún un nínú ilé, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí bàbá lè gún un tán kí ìyá tún gún un. Bí kò bá dá yín lójú pé ó ti gbà á, tàbí tí oògùn dà sí irun rẹ̀, ẹ má tún gún un. Ẹ dúró de àkókò tó kàn.

Bí kò bá jẹun, ẹ má fún un ní iye ínsúlìn tó ń gbà tẹ́lẹ̀ láìpe dókítà. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ara rẹ̀ rọ, tàbí tí gìrì mú un, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù: ẹ fi oyin tàbí omi glúkóòsì pa ẹran ìdí eyín rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má da nǹkan kan sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má sì ki ìka bọ àárín eyín ẹran tí gìrì ń mú. Kódà bó bá jí, ẹ ṣì gbé e lọ, ínsúlìn náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Èébì pẹ̀lú àìjẹun lára ológbò alátọ̀gbẹ kì í sì í ṣe ohun tí ẹ ń fi di ọ̀la.

Inú fíríìjì ni kí ẹ tọ́jú ínsúlìn sí, kì í ṣe ibi tó ti ń dì. Bí iná bá lọ pẹ́, ẹ gbé e sínú kúlà, kí ẹ fi aṣọ ya òun àti yìnyín. Èyí tó bá dì, tàbí tí oòrùn bá sè nínú ọkọ̀, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ ń dunni.

Ẹ dín ẹ̀kọ, ìrẹsì àti búrẹ́dì kù. Ẹran àti oúnjẹ inú agolo ló bá a mu jù, láìsí àlùbọ́sà, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ oúnjẹ, torí ínsúlìn tó nílò lè dín kù. Ẹ má febi pa èyí tó sanra, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Omi ewúro àti oògùn àtọ̀gbẹ bàbá àgbà kì í ṣe tirẹ̀. Oògùn oníhóró wà o, bexagliflozin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2022, àmọ́ kì í ṣe fún ológbò tó ti ń gba ínsúlìn.

Ológbò mìíràn tí wọ́n tètè tọ́jú máa ń bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ pátápátá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ lẹ nọ́ńbà dókítà mọ́ ara fíríìjì, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibi tí oyin wà.