Bí A Ṣe Ń To Fọ́tò Mẹ́fà Sójú Ìwé Kan

Ẹ̀yin ará wa tí omi lé kúrò nílé, ọ̀pọ̀ nínú yín ti fi fóònù ya ilé àti ẹrù tí omi bàjẹ́. Ẹni tó máa yẹ ìwé yín wò lè má dé ilé yín rárá. Ohun tó bá rí lójú ìwé ni yóò fi mọ ohun tí ẹ pàdánù. Bí fọ́tò bá gun orí ara wọn, tí a kò mọ èyí tó ni àkọlé, ó lè ka iyàrá méjì sí ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń tò wọ́n kí àyè àárín wọn dọ́gba.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò àyè

Bí a bá ń lẹ fọ́tò láti òkè láìwọ̀n ọ́n, èyí tó kẹ́yìn kì í sábà rí àyè. Ẹ wọn ìwé, ẹ yọ àyè tí fọ́tò máa gbà kúrò, kí ẹ wá pín ìyókù.

Ìwé A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, ó sì gùn ní 29.7. Fún fọ́tò tí ẹ yà ní ìbú, sẹ̀ǹtímítà 8 ní fífẹ̀ àti 6 ní gíga bá ọ̀pọ̀ fóònù mu.

Ní fífẹ̀: fọ́tò 2 gba 16, ó ku 5. Ẹ fi 2 sí etí òsì, 1 sí àárín, 2 sí etí ọ̀tún. Ihò fáìlì yóò bọ́ sí etí òsì láìkan fọ́tò.

Ní gígùn: fọ́tò 3 gba 18, ó ku 11.7. Ẹ fi 3 sí òkè fún orúkọ àti àdírẹ́sì yín, 2 sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan fún àkọlé. 2.7 ni yóò ṣẹ́kù nísàlẹ̀.

Fọ́tò tó dúró lóòró, ẹ to 4 sójú ìwé mìíràn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 6, kó ga ní 8. Méjì gba 12, ó ku 9: ẹ fi 3 sí etí méjèèjì, 3 sí àárín.

Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ lẹ̀ ẹ́

Ẹ gé páálí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ máa fi sí àárín fọ́tò méjì. Ẹ gé òmíràn tó fẹ̀ ní 2 fún abẹ́ fọ́tò. Páálí kan náà ni kí ẹ lò látòkè délẹ̀. Ẹ to gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i.

Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà

Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́ ṣe tábìlì tí òpó rẹ̀ fẹ̀ ní 8, 1 àti 8. Kí ìlà fọ́tò ga ní 6, kí ìlà àkọlé tó tẹ̀ lé e ga ní 2. Kó má ṣe fa fọ́tò gùn, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 100%.

Ètò àti àkọlé

Ilé láti ìta ni kó ṣáájú, kí iyàrá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹrù. Ẹ kọ nọ́ńbà, ibi tó wà, ohun tó bàjẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ yà á. Bí àpẹẹrẹ: “3. Iyàrá àwọn ọmọ. Omi dé ojú fèrèsé. Fóòmù 2 bàjẹ́.” Kí ẹ fi ọjọ́ náà parí rẹ̀.

Kí ẹ tó fi ìwé náà sílẹ̀, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Bí etí fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá hàn, tí àkọlé sì ṣeé kà, ó ti dára. Ẹ pa ẹ̀dà kan mọ́ sínú náílọ́nù, ẹ má sì pa àwọn fọ́tò inú fóònù yín rẹ́.