Kànga epo kì í bú jáde láìfọhùn

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin jáde ní FUTA, wọ́n sì ti gbà á síṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo lójú òkun. Láti ìgbà tí iná kànga epo Ororo ti sọ lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ ni ẹ̀rù irú iṣẹ́ yìí ti ń bà mí. Kí ló ń fà á? Ṣé ó tiẹ̀ ṣeé dènà? Ìyá kan, Ijapo Estate, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ó ṣeé dènà.

Ẹ ó ti rí àwọn tó ń gbẹ́ bóòhóòlù ní àdúgbò yín. Àpáta ni wọ́n ń gbẹ́ ní Àkúrẹ́, omi ni wọ́n sì ń wá. Abẹ́ òkun Ìlàjẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn àti amọ̀ ló wà níbẹ̀, gáàsì àti epo há sínú iyanrìn náà, ilẹ̀ tó wà lórí wọn sì fún wọn pinpin. Ihò tí a bá gbẹ́ kàn wọ́n ni ọ̀nà àbáyọ wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ ń dì wọ́n mú ni ẹrẹ̀ tí a pò, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní mud. Bí ihò bá jìn tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí omi lásán kún un, agbára tí omi náà fi ń tẹ ìsàlẹ̀ á tó 4,330 psi. Taya mọ́tò yín kò ju bíi 32 lọ. Bí gáàsì bá tún lágbára ju omi lọ, wọ́n á da ìyẹ̀fun òkúta barite sí ẹrẹ̀ kó lè wúwo. Àmọ́ bó bá wúwo jù, á la ilẹ̀, á ṣàn lọ, ẹrẹ̀ inú ihò á dín, gáàsì á sì ráyè.

Díẹ̀ ni gáàsì kọ́kọ́ ń yọ́ wọlé. Kick ni orúkọ rẹ̀. Garawa kan péré nísàlẹ̀ lè di ọgọ́rùn-ún garawa mélòó kan kó tó dé òkè. Ṣùgbọ́n kànga á ti fọhùn: ẹrẹ̀ tó ń padà bọ̀ á pọ̀ ju èyí tí a rọ sílẹ̀ lọ.

Lóru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ níbi tí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń gbẹ́ kànga, ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ táǹkì ẹrẹ̀ wa sáré wá sọ pé ẹrẹ̀ ti kọjá ibi tí òun fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ọ̀gá kan ní omi òjò ni. Driller, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀, kò bá a jiyàn. Ó pa pọ́ǹpù, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ẹrẹ̀ ń gbà padà. Ẹrẹ̀ ṣì ń ṣàn. Lójú ẹsẹ̀ ló ti BOP, ìyẹn àwọn irin ńláńlá tó ń pa ẹnu kànga dé. A rọ ẹrẹ̀ tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Gbogbo wa la jẹun àárọ̀ ọjọ́ náà.

Èèyàn ò gbọdọ̀ gbára lé BOP nìkan. Níbi ìgbẹ́ epo Deepwater Horizon ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2010, àyẹ̀wò ti fi hàn pé kànga kò dákẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sódì. Nígbà tí wọ́n fi máa lo BOP, kò lè gé páìpù dáadáa. Èèyàn 11 kú.

Ti Ororo-1 nítòsí Àwóyè, inú oṣù karùn-ún ọdún 2020 ló bú jáde. Kànga àtijọ́ ni. Guarantee Petroleum àti Owena Oil and Gas, ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ Òǹdó, ni wọ́n ti fún ní oko epo náà ṣáájú ìgbà náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, iná ṣì ń jó lójú omi tí àwọn apẹja ń ná. Omi nìkan kò tó láti yanjú irú iná bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ pa á láìdí kànga, gáàsì á kàn máa tàn kálẹ̀ ni. Àfi kí wọ́n fi irin bo ẹnu rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbẹ́ kànga mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá a nísàlẹ̀, kí wọ́n rọ ẹrẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì sí i. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, owó ńlá sì ni.

Ẹ bi ọmọ yín: ìgbà wo ni wọ́n dán BOP wọn wò kẹ́yìn? Ṣé ìwé ẹ̀rí ìkápá kànga (IWCF) ti driller rẹ̀, tó ń lo ọdún méjì, kò tíì parí? Bí ọmọ yín bá rí i pé ẹrẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣé ó lè ké pé kí wọ́n ti kànga láìsí ẹni tó máa bá a wí? Bó bá ní rárá sí èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ pè é padà wálé.