Ọmọ Òrukàn Nínú Ilé Onígbàgbọ́

Ibi kíkà: Ẹ́sítérì 2:5-12, 4:13-16, Róòmù 8:14-17.
Àkọ́sórí: Jákọ́bù 1:27. Kí olúkúlùkù ṣí Bíbélì rẹ̀, kí a sì jùmọ̀ kà á sókè.

Lẹ́yìn ìpàdé wa kan, ìyá kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní òun ní ìbéèrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, Ọlọ́run kò sì tíì fún wọn lọ́mọ. Ní abúlé kan nítòsí wa, ọmọbìnrin kékeré kan wà tí ìyá rẹ̀ kú níbi ìkúnlẹ̀, tí baba rẹ̀ náà sì kú lẹ́yìn náà. Tọkọtaya yìí fẹ́ gbà á ṣọmọ. Ohun tí ìyá náà wá bi mí ni pé, ṣé ó burú bí a bá lọ búra ní kóòtù pé ọmọ òun gan-an ni ó bí i, kí ìwé ìrìnnà rẹ̀ lè tètè jáde? Ó ní àwọn kan ti ṣe é, ó sì bọ́ sí i fún wọn. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi ni ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé Módékáì. Ní ìlú Ṣúṣánì ni wọ́n wà, kì í ṣe ilẹ̀ baba wọn, nítorí ìran àwọn tí a kó nígbèkùn láti Jerúsálẹ́mù ni wọ́n. Baba àti ìyá Ẹ́sítérì ti kú, Módékáì tí í ṣe ọmọ arákùnrin baba rẹ̀ sì mú un gẹ́gẹ́ bí ọmọ ara rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ka ẹsẹ kọkànlá lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ti wọ ààfin, oúnjẹ ti tó, aṣọ ti tó, òróró ìkunra oṣù méjìlá ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ọkùnrin yìí ń rìn níwájú àgbàlá ilé àwọn obìnrin láti mọ̀ bí àlàáfíà ọmọ náà ti rí. Alágbàtọ́ nìyẹn. Ẹ tún ṣàkíyèsí èyí: lóòótọ́ ni Módékáì ní kí ó má ṣe sọ ìran rẹ̀ fún àwọn ará ààfin, ṣùgbọ́n kò fi ìran náà pamọ́ fún Ẹ́sítérì fúnra rẹ̀. Ọmọ náà mọ ẹni tí òun í ṣe. Nígbà tí ewu dé ní orí kẹrin, ó mọ àwọn ènìyàn tí òun yóò tìtorí wọn fi ẹ̀mí òun wéwu.

Ìtàn kejì jẹ́ ti ọmọ Yorùbá, ó sì yẹ kí gbogbo obìnrin wa mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1848 àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu Òkè-Ọ̀dàn, ní apá ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Wọ́n pa òbí ọmọdébìnrin kan, wọ́n sì kó òun lẹ́rú. Àìná ni ìtàn fi yé wa pé ó ń jẹ́. Ní ọdún 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, lọ bá Ọba Gẹ̀ẹ́zò ní Àbọ̀mẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́ kí ó dáwọ́ òwò ẹrú dúró. (Ọba yìí kan náà ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì wa, ti bẹ̀ wò ní 1843.) Ọmọ náà wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ. Forbes ní kí ọba fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ ṣe yọ. Ó tó ọmọ ọdún méje nígbà náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Forbes ni orúkọ ẹni tí ó gbà á. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi náà! Àìná jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, kì í ṣe ènìyàn ni ó fún un, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀, ó sì san owó ilé-ìwé rẹ̀. N kò ní fi ojú kékeré wo oore yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ṣí ọmọ náà nípò. Láti ilé Forbes, wọ́n gbé e lọ sí Freetown ní 1851, wọ́n ní òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu. Inú rẹ̀ kò dùn níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà ní 1855. Ìgbà yìí ni ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Onígbàgbọ́ kan ní Gillingham, ìdílé Schön. Míṣọ́nnárì ni baba ilé náà, òun àti Àjàyí Crowther ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya ní 1841. Ìyàwó Schön ni Àìná ń pè ní Mama nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀. Ẹ ò rí i pé láàárín gbogbo àwọn ẹni ńlá wọ̀nyẹn, obìnrin kan nínú ilé tirẹ̀ ni ó rí orúkọ yẹn gbà? Síbẹ̀, nígbà tí ó dàgbà, tí J. P. L. Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, ń fẹ́ ẹ, tí kò sì kọ́kọ́ gbà, wọ́n mú un kúrò ní ilé náà lọ sí Brighton sọ́dọ̀ àwọn àgbà obìnrin mìíràn. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹjọ 1862. Ó padà wá sí Èkó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó bímọ, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì pa á ní erékùṣù Madeira ní 1880.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì náà kò gbọdọ̀ rò pé ọwọ́ wa mọ́ tán. Ní 1869, òjíṣẹ́ wa kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Thomas Bowman Stephenson, dá ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláìnílé. Iṣẹ́ rere ni, ó sì ń bẹ títí di òní lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbé bí ìdílé kéékèèké, kì í ṣe bí ọmọ ogun ní bárékè. Ṣùgbọ́n láti 1873, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó lára àwọn ọmọ náà lọ sí Kánádà. Ẹgbẹ́ mìíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀, títí àwọn ọmọ tí a kó lọ síbẹ̀ fi tó nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwọn mìíràn lọ sí Ọsirélíà. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òrukàn rárá. Wọ́n kàn sọ fún àwọn kan pé ìyá wọn ti kú ni, nígbà tí ìyá ń bẹ láàyè. Ní oṣù kejì 2010 ni olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Gordon Brown, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Àwọn arúgbó ni wọ́n jókòó gbọ́ ọ, ẹlòmíràn ṣì ń wá orúkọ ìyá rẹ̀ kiri.

Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ni, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ àròkọ lórí ìyá wọn. Ọmọbìnrin kan jókòó títí aago fi lù, kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo nà án ní pàṣán mẹ́rin. Ọjọ́ kejì ni mo tó gbọ́ pé òrukàn ni, pé ọ̀dọ̀ ìbátan kan ni ó ń gbé, àti pé kò mọ èyí tí òun ìbá kọ̀wé nípa rẹ̀, bóyá ẹni tí ó ti kú ni, tàbí ẹni tí ń pè é ní "ọmọ yìí" nílé. Mo bẹ̀ ẹ́. Òun ni ó tún ń sọ pé, "Ẹ má bínú, mà." Ẹ̀yin ìyá, a mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òmù-Àrán, a mọ̀ ọ́n ní Èsìẹ́. Ọmọ kan ni ó ń kọ́kọ́ jí, òun ni ó ń jẹun kẹ́yìn, òun ni ó ń kiri ọjà nígbà tí àwọn yòókù ń kàwé. Bí àlejò bá sì béèrè, a ó ní, "Ó ń bá mi gbé ni." Pọ́ọ̀lù lo ọ̀rọ̀ ìsọdọmọ nínú Róòmù 8, ó sì so ogún mọ́ ọn. Ẹni tí a sọ di ọmọ, ajogún ni.

Ó wá kan ìyá tí ó bi mí léèrè. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 fi ọ̀nà tí a fi ń gba ọmọ ṣọmọ hàn, Ìpínlẹ̀ Kwara náà sì ní òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Ẹni tí yóò gba ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó sì ti gbé ní ìpínlẹ̀ tí ọmọ náà wà fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Yóò sọ èrò rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní oṣù méjìlá ṣáájú, ọmọ náà yóò sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta léraléra kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Owó kò gbọdọ̀ kọjá láàárín ẹnikẹ́ni. Bí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, ọmọ náà dà bí èyí tí wọ́n bí nínú ilé, títí dé orí ogún. Ẹ ó rí i pé èyí kò rọrùn fún ẹni tí ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú dá gbígba ọmọ ṣọmọ láti Nàìjíríà dúró ní oṣù kẹta 2021, nítorí ẹ̀rù àwọn tí ń ta ọmọ. Kí ọmọ wọn béèrè níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ́wọ́lọ́wọ́, kí wọ́n tó dáwọ́ lé ohunkóhun.

Ti ìbúra ńkọ́? Rárá o. Yàtọ̀ sí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo lè tú àṣírí náà, ọmọ yẹn ní ìyá, ìyá náà sì kú lórí bíbí rẹ̀. Bí a bá kọ orúkọ obìnrin mìíràn sí ipò rẹ̀ pé òun ni ó rọbí, a ti pa ìyá náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ báyìí fún ìyá wa nígbà tí a tún pàdé. Mo wá bi í pé, ọmọ tí à ń wí yìí, ta ni ó ń wẹ̀ fún un láàárọ̀ yìí? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti dàgbà, ẹ̀yìn sì ń dun òun. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, àwa méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé náà.

Fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́:
1. Ọmọ wo ni ó ń gbé nínú ilé rẹ tí ìwọ kò bí? Kí ni ó ń pè ọ́? Kí ni ìwọ ń pè é?
2. Ṣé ó mọ orúkọ ìyá tí ó bí i, àti ibi tí a sin ín sí? Ta ni yóò sọ fún un bí ìwọ kò bá sọ?
3. Ní ìjọ wa, àwọn òrukàn mélòó ni a mọ̀ ní orúkọ? Kí akọ̀wé kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ìpàdé tó túká.