Bí Swítsàlandì Ṣe Wọ Inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé

Ní ìlú Jẹ̀nẹ́fà, ní orílẹ̀-èdè Swítsàlandì, ilé ńlá kan wà tí ó kọjú sí adágún omi, tí a ń pè ní Ààfin Àwọn Orílẹ̀-èdè. Láti ọdún 1946 ni ilé yìí ti di ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn aṣojú ìjọba ń ti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé wá síbẹ̀ láti jíròrò lórí ogun àti àlàáfíà, lórí àìsàn àti ìwòsàn, lórí òwò àti iṣẹ́. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 2002, orílẹ̀-èdè tí ó ni ilẹ̀ tí a kọ́ ilé náà lé kì í ṣe ọmọ àjọ tí ń pàdé nínú rẹ̀. Ó dàbí ẹni tí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ láti kọ́lé, tí ń gbá àgbàlá, tí ń gbé omi tútù fún àwọn àlejò, ṣùgbọ́n tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀ tán, tí ó dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ọdún 1960. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà gan-an ni a gbà á sínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún. Swítsàlandì, tí ó ti ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kò wọlé títí di ìgbà tí ó fi kan ẹni 190. A kò dènà fún un láti wọlé. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ni kò fẹ́, wọ́n sì ní ìdí.

Swítsàlandì kì í ṣe ilẹ̀ ńlá. Òkè gíga ló gba púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí òkun tí ó kàn án. Faransé, Jámánì, Ọ́stríà, Ítálì àti orílẹ̀-èdè kékeré kan tí ń jẹ́ Liechtenstein ló yí i ká. Èdè mẹ́rin ni wọ́n ń sọ níbẹ̀: àwọn kan ń sọ Jámánì, àwọn kan Faransé, àwọn kan Ítálì, àwọn díẹ̀ sì ń sọ Rómáńṣì. A pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn 26, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ìjọba àti òfin tirẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní ìlú Bẹ́ẹ̀nì.

Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ yìí a máa gba owó ṣe ọmọ ogun fún àwọn ọba ilẹ̀ òkèèrè, nítorí oko orí òkè kò tó bọ́ gbogbo ilé. Nígbà mìíràn, ọba méjì tí ń bá ara wọn jà yóò ti ra ọmọ ogun Swítsàlandì, ará ilé kan náà yóò sì pàdé ara wọn lójú ogun. Nígbà tí ogun ńlá tí Napoleon dá sílẹ̀ parí ní ọdún 1815, àwọn ìjọba alágbára Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé pé láti ìgbà náà lọ Swítsàlandì kò ní dá sí ogun ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbé ogun wọ inú rẹ̀. Èyí ni a ń pè ní àìdásíjà.

Àwọn kan a máa rò pé ojo ló bí i. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọkùnrin ilẹ̀ náà ń kọ́ iṣẹ́ ológun, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Bí Jámánì àti Faransé bá ń jà, àwọn ẹkùn tí ń sọ èdè Jámánì yóò fẹ́ gbè sẹ́yìn ọ̀kan, àwọn tí ń sọ Faransé yóò gbè sẹ́yìn èkejì. Nínú ogun ọdún 1914 sí 1918, ọ̀tá kankan kò gbógun wọ ilẹ̀ náà, síbẹ̀ ìyapa yìí mi ìlú tìtì. Ẹni tí aya méjì ń bẹ nílé rẹ̀, tí àwọn àna méjèèjì sì ń bá ara wọn jà, mọ ohun tí ń mú ènìyàn dákẹ́.

Ṣùgbọ́n àìdásíjà kò sọ pé kí ènìyàn má ṣe bá ayé ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 1859, oníṣòwò kan láti Jẹ̀nẹ́fà, Henry Dunant, bá ara rẹ̀ nítòsí pápá ogun Solferino ní ilẹ̀ Ítálì. Ó rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́, tí kò sí ẹni tí yóò fún wọn lómi mu. Òun àti àwọn ará abúlé tọ́jú wọn láìbéèrè ẹ̀gbẹ́ ogun tí olúkúlùkù ti wá. Ìwé tí ó kọ nípa ohun tí ó rí ló fa ìpàdé ọdún 1863 tí a fi dá Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí ìwé ìlànà Jẹ̀nẹ́fà, pé a kò gbọdọ̀ pa ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́ lára, a kò sì gbọdọ̀ pa ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Bákan náà ni ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣáájú ọdún 1874, kí ìjọba méjì tó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ara wọn, wọ́n ní láti kọ́kọ́ ṣe àdéhùn tiwọn. Iye owó orí lẹ́tà a sì máa yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ó gbà kọjá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún náà, orílẹ̀-èdè 22 fọwọ́ sí ìwé ní Bẹ́ẹ̀nì pé kí gbogbo ilẹ̀ wọn di ọ̀kan ní ti lẹ́tà: kí olúkúlùkù mú owó sítáǹpù tí ó tà, kí ó sì bá àwọn yòókù pín lẹ́tà wọn. Ìlú Bẹ́ẹ̀nì ni olú ilé iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé wà títí di òní. Ìdí nìyí tí lẹ́tà tí a lẹ sítáǹpù Nàìjíríà mọ́ ní Ọ̀yọ́ fi ń dé ọwọ́ ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ra sítáǹpù mìíràn lójú ọ̀nà.

Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ara tu Swítsàlandì. Ẹgbẹ́ tí ó lè pàṣẹ pé kí a fi ìyà jẹ orílẹ̀-èdè kan ni ó ń bà á lẹ́rù.

Lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, a dá Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, a sì fi ibùjókòó rẹ̀ sí Jẹ̀nẹ́fà. Àdéhùn rẹ̀ ni pé bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá gbógun ti èkejì láìtọ́, kí gbogbo àwọn yòókù dìde sí i. Swítsàlandì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má ṣe mú òun lọ sójú ogun. Ní oṣù kejì ọdún 1920, Ìmùlẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ fún un: kò ní rán ọmọ ogun, ṣùgbọ́n yóò bá wọn dá òwò dúró pẹ̀lú ẹni tí ó bá ṣẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, a gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn ará ìlú kí wọ́n dìbò. Ìdá 56.3 nínú 100 ló gbà. Ti àwọn ẹkùn ló le: ẹkùn 11 àti ààbọ̀ gbà, 10 àti ààbọ̀ kọ̀. (Ẹkùn mẹ́fà kan wà tí ìbò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìdajì.) Àwọn ọkùnrin nìkan ló sì dìbò náà. Obìnrin Swítsàlandì kò ní ẹ̀tọ́ ìdìbò ní ti ìjọba àpapọ̀ títí di ọdún 1971, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn obìnrin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti dìbò fún ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 1959.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ló wá dán àdéhùn náà wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1935, Ítálì gbógun wọ Etiópíà, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ìmùlẹ̀. Ìmùlẹ̀ ní kí a dá òwò dúró pẹ̀lú Ítálì. Ṣùgbọ́n Ítálì bá Swítsàlandì pààlà, àwọn kan nínú àwọn ará Swítsàlandì ń sọ èdè Ítálì, ọjà tí wọ́n sì ń bá a ná kì í ṣe kékeré. Ìjọba Swítsàlandì fi ọwọ́ kan mú àṣẹ náà, ó fi èkejì sílẹ̀. Ó ní nítorí àìdásíjà òun kò ní jẹ́ kí ohun ìjà dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Lẹ́nu, ìdọ́gba nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ítálì ń rọ ohun ìjà fúnra rẹ̀, Etiópíà kò sì ní ilé iṣẹ́ tí yóò rọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1936, Ọba Haile Selassie dúró níwájú Ìmùlẹ̀ ní Jẹ̀nẹ́fà, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn Ítálì sì ń súfèé sí i láti òkè. Kò rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, Swítsàlandì tọrọ kí a yọ òun kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìdádúró òwò pátápátá, a sì gbà fún un.

Ogun kejì dé. Ìjọba Jámánì àti Ítálì yí ilẹ̀ náà ká, ṣùgbọ́n wọn kò wọ̀ ọ́. A kò lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ìgbà náà, nítorí ní oṣù kẹjọ ọdún 1942 ni ó ti ẹnubodè mọ́ àwọn Júù tí ń sá fún ikú. Ní ọdún 1995, Kaspar Villiger, tí ó jẹ́ olórí ìjọba ní ọdún náà, tọrọ àforíjì ní gbangba nítorí ohun tí a ṣe sí wọn.

Nígbà tí a wá dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ ní ọdún 1945, Swítsàlandì rántí ọ̀rọ̀ Ítálì, ó sì dúró síta. Ó wọ àwọn ẹ̀ka tí ń ṣe iṣẹ́ ìlera, ẹ̀kọ́ àti òṣìṣẹ́. Ó rán àwọn ọ̀gágun lọ sí Kòríà ní ọdún 1953 láti ṣọ́ àdéhùn ìdáwọ́ ogun dúró. Ní Niú Yọ́ọ̀kì, òǹwòran ni aṣojú rẹ̀: ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, kò lè dìbò.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta, ọdún 1986, ìjọba béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú bóyá kí a wọlé. Ìjọba fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n gbà. Àwọn tí ń kọ̀ ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ó lè fi ohùn kan ṣoṣo pa ìpinnu Ìgbìmọ̀ Ààbò rẹ́, kí ni ẹni kékeré ń wá láàárín wọn? Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ parí ìjà kì í ti inú ẹgbẹ́ jáde wá. Ìdá 75.7 nínú 100 sọ pé rárá, kò sì sí ẹkùn kan tí ó gbà. Ìjọba gba ìbáwí náà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí ó yí ọkàn àwọn ènìyàn padà ni pé ayé tí àìdásíjà bá mu ti ń kọjá lọ. Ìjà tútù láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà parí. Nígbà tí Ìráàkì gba ilẹ̀ Kùwéètì ní ọdún 1990, Àjọ ní kí a má ṣe bá Ìráàkì ṣòwò mọ́, Swítsàlandì sì pa àṣẹ náà mọ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú Àjọ. Ó ń san owó, ó ń tẹ̀lé òfin, kò sì sí níbi tí a ti ń ṣe é. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní ti òfin ilẹ̀ náà, bí ènìyàn 100,000 bá fọwọ́ sí ìwé, wọ́n lè mú kí gbogbo ìlú dìbò lórí ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tí ń fẹ́ kí a wọlé ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ìbò náà ní láti gbà yege: kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà, kí ọ̀pọ̀ ẹkùn sì gbà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ọdún 2002, ìdá 54.6 nínú 100 gbà. Ti àwọn ẹkùn jẹ́ 12 sí 11. Bí ẹkùn kan ṣoṣo bá yí ohùn padà, ìta ni ìlú ìbá tún wà. Nínú ìwé tí ìjọba fi tọrọ àyè, ó sọ ọ́ kedere pé òun kò ní fi àìdásíjà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, a gbà á wọlé. Villiger tún ni olórí ìjọba. Kofi Annan, ọmọ Gáńà, tí ó ti kàwé ní Jẹ̀nẹ́fà nígbà èwe rẹ̀, ni akọ̀wé àgbà Àjọ. A ta àsíá Swítsàlandì ní Niú Yọ́ọ̀kì, ó sì rọrùn láti dá mọ̀ láàárín àwọn yòókù, nítorí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba.

Wíwọlé náà kò sọ ọ́ di ẹni tí ń wọ gbogbo ẹgbẹ́. Ní ọdún 1992, ìdá 50.3 nínú 100 ti kọ̀ láti wọ ọjà àpapọ̀ Yúróòpù, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ ológun NATO. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2022, orílẹ̀-èdè 187 dìbò fún un láti jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò fún ọdún 2023 àti 2024. Àwọn aṣòfin kan nílé gbìyànjú láti dá a dúró, wọn kò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú wọn gbóná ni ti Yukréènì. Rọ́ṣíà gbógun wọ ibẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022. Ìgbìmọ̀ Ààbò kò lè pàṣẹ ìyà kankan, nítorí Rọ́ṣíà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí ó lè pa ìpinnu rẹ́. Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Yúróòpù dá òwò dúró pẹ̀lú rẹ̀, Swítsàlandì sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Àwọn kan nílé ní a ti ta ogún 1815. Wọ́n kó ìbuwọ́lùwé tí ó ju 100,000 jọ, wọ́n sì gbé e lọ sí Bẹ́ẹ̀nì ní oṣù kẹrin ọdún 2024, pé kí a kọ àìdásíjà sínú òfin ńlá ilẹ̀ náà, kí Swítsàlandì má sì ṣe bá ẹnikẹ́ni fi òwò jẹ orílẹ̀-èdè mìíràn níyà mọ́, àfi bí àṣẹ náà bá ti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá.