Àtíòro: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀ Nínú Igbó

Àgbẹ̀ tí ó bá tètè dé oko ní agbègbè Akínyẹlé, Làgélú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà lè gbọ́ ohùn àtíòro kí ó tó fojú kàn án. Ohùn náà tín-ín-rín, ó sì ń dún lemọ́lemọ́ bí ìgbà tí ọmọdé bá ń súfèé. Kí ẹni tí ń wá a dúró jẹ́ẹ́, kí ó gbójú sókè wo orí ọ̀pẹ tí ẹyìn rẹ̀ pọ́n tàbí igi ọdán tí ó so, nítorí ibẹ̀ ni ẹyẹ yìí ti ń jẹun.

Ẹyẹ dúdú ni, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan ó lé díẹ̀. Ikùn rẹ̀ funfun, funfun díẹ̀ sì wà ní ṣónṣó ìrù rẹ̀. Àgógó ẹnu rẹ̀ ni àmì tí ó dájú jù: ó tóbi, ó sì tẹ̀ wá sísàlẹ̀ bí dòjé, ti akọ tóbi ju ti abo lọ. Bí ó bá ń fò, kì í lọ gbọọrọ bí ẹyẹlé. A máa ju apá ní ìgbà mélòó kan, a sì nà án sílẹ̀ gbalaja, a wálẹ̀ díẹ̀, a tún gòkè. Kí a má ṣe pè é ní àkàlà. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n àkàlà tóbi jù ú lọ púpọ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó sì ti ń rìn káàkiri wá oúnjẹ.

Ọ̀nà tí ó ń gbà pamọ ni ó yani lẹ́nu jù. Inú ihò igi ni abo ń wọ̀ láti yé ẹyin. A ó fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ dí ẹnu ihò náà, àlàfo tóóró kan ṣoṣo ni yóò kù. Nínú àhámọ́ yìí ni ìyẹ́ apá abo ti ń re, kò sì ní lè fò títí òmíràn yóò fi hù. Akọ ni ń wá èso àti kòkòrò, tí ó ń nà án sí i láti ìta. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yìnbọn fún akọ tí ó gbé èso sẹ́nu lè ti pa ìyá àti ọmọ pọ̀ mọ́ ọn.

Lóòótọ́, a máa jẹ ẹyìn olóko, èyí kò sì lè dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n a máa jẹ kòkòrò pẹ̀lú, kóró èso tí ó bá sì pọ̀ sílẹ̀ níbi jíjìn lè hù di igi. Igi àgbà tí ó ní ihò gan-an ni ó ń ṣọ̀wọ́n ní oko báyìí, nítorí pákó àti èédú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àtíòro láìṣe wàhálà púpọ̀ lè lọ sí igbó tí ó wà nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Igbó náà tó nǹkan bí hẹ́kítà 350. Kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ, kí ó sì lọ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú.